Iṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ohun kékeré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní Èkó, Ògùn tàbí Ìbàdàn, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí, èbúté àti gáréèjì tírélà pọ̀ sí, la kọ èyí fún. Ẹni tí a ní lọ́kàn gan-an ni ẹni tó máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì kó tó sùn, tó sì máa ń tètè rí i pé nọ́ńbà tòní kò bá tàná mu. Àwọn ènìyàn lè máa sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fa nǹkan nílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ńlá, ìwà yẹn gan-an ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá.

Irú iṣẹ́ wo gan-an ni?

Wíwa forklift, ẹ̀rọ tó ń fi fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin gígùn méjì tó yọ síwájú, gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, tírélà tó ń gbé kọ̀ǹtẹ́nà, táńkà epo, katapílà, bíbójútó jẹnẹrétọ̀ ńlá ní ilé ìwòsàn tàbí báńkì, àti iṣẹ́ tálì ní èbúté Àpápá àti Tin Can, ìyẹn ẹni tó ń ka kọ̀ǹtẹ́nà, tó ń kọ nọ́ńbà àti ipò tí ó wà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè mọ bí a ṣe ń gbé fọ́ọ̀kì sókè sódò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Yíyẹ ẹ̀rọ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti kíkọ ohun tí ojú rí sílẹ̀ láìfi kún un, láìyọ kúrò, ló máa ń pẹ́ kó tó mọ́ni lára.

Láísẹ́ǹsì wo ni mo nílò?

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ló ń fúnni, ọlọ́dún 3 tàbí ọlọ́dún 5. Lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ wò. B wà fún ọkọ̀ aládàáni tí ìwúwo rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3. F wà fún katakata àti ẹ̀rọ oko. G wà fún tírélà tí orí rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára ìdí. H wà fún ẹ̀rọ tó ń wa ilẹ̀. Ẹni tó bá ń fi B wa tírélà, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni yóò mọ̀ pé bí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì rárá ni òun rí.

Forklift tí kì í jáde kúrò nínú ọgbà ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni agbanisíṣẹ́ máa béèrè. Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ni, ẹ béèrè bóyá irú ẹ̀rọ àti ìwúwo tó lè gbé máa wà nínú ìwé náà. Ẹni tó kọ́ forklift tọ́ọ̀nù 2.5 kò tíì kọ́ reach truck tó ń to ẹrù sórí pẹpẹ gíga, kò sì tíì kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé kọ̀ǹtẹ́nà ní èbúté.

Báwo ni a ṣe ń ka àwo irin tó wà lára forklift?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí pé forklift tó bá dojú dé sábà máa ń jẹ́ pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ ka nọ́ńbà kìn-ín-ní, kò ka ìkejì.

Bí àwo náà bá sọ pé 2,500 kg, yóò tún sọ pé 500 mm. Nọ́ńbà kejì yìí ni bí àárín gbùngbùn ẹrù ṣe jìn sí ibi tí ẹrù ti fara ti ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ náà lè gbé 2,500 kg níwọ̀n ìgbà tí àárín ẹrù kò bá kọjá 500 mm. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbára dín kù. Ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà, kò ṣòro. Ẹ na apá tán kí ẹ tó gbé garawa kan náà, èjìká á ṣàlàyé ìyókù.

Ẹ mú pálẹ́ẹ̀tì, pẹpẹ igi tí wọ́n ń to ẹrù lé, tó jẹ́ 1,000 mm ní ìbú, 1,200 mm ní gígùn. Bó bá jẹ́ ìbú rẹ̀ ló tẹ́ sórí fọ́ọ̀kì, àárín wà ní 500 mm. Bó bá jẹ́ gígùn rẹ̀, àárín bọ́ sí 600 mm. Ìṣirò ojú ẹsẹ̀ ni 2,500 × 500 ÷ 600, ó kù 2,083 kg. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kg. Àpò 40 jẹ́ 2,000 kg, ó ṣeé gbé. Àpò 45 jẹ́ 2,250 kg, ó ti kọjá agbára ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 2,500 sí lára. Ìṣirò yìí máa ń dín ju iye gidi lọ díẹ̀, ó ń fà sí ọ̀nà ààbò, ṣùgbọ́n tábìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ ló ni àṣẹ. Tábìlì yẹn náà ló máa sọ iye tí ẹ lè gbé dé òkè pátápátá, torí pé agbára ìsàlẹ̀ kọ́ ni agbára òkè.

Bí wọ́n bá so ohun mìíràn mọ́ fọ́ọ̀kì, bóyá irin tó ń fa fọ́ọ̀kì gùn tàbí èyí tó ń há ẹrù mọ́ra, àwo tuntun ló yẹ kó wà. Ohun tí a so mọ́ ọn ní ìwúwo tirẹ̀, ó sì tún ti ẹrù síwájú. Bí kò bá sí àwo tuntun, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ohunkóhun.

Kí ni kí n yẹ̀ wò láàárọ̀ kí n tó gun forklift?

Ìṣẹ́jú 10 tó. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: omi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àbí ọ́ìlì tó ń gbé fọ́ọ̀kì sókè? Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi ìgìrísẹ̀ fọ́ọ̀kì, níbi tó ti tẹ̀ kọ́dọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ń jẹ jù nítorí wíwọ́ tí wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ fi kálípà wọn bó ṣe nípọn, kí ẹ sì wọn apá òkè tí kì í fara kan ilẹ̀. Fọ́ọ̀kì tó nípọn 40 mm nígbà tó wà ní tuntun, tó wá di 36 mm, ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jẹ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá ogún nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó o ní wẹ́dà.

Ṣéènì tó ń gbé e sókè ńkọ́? Bí ó bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti tuntun lọ, ó yẹ ní pípààrọ̀. Ẹ wo bóyá méjèèjì fà dọ́gba. Ẹ má ṣe ki ìka bọ àárín irin ìgòkè láti fọwọ́ kàn án.

Táyà, fìtílà, fèrè, bíréèkì ọwọ́ àti bẹ́líìtì ìjókòó kò gba ìṣẹ́jú méjì. Bó bá jẹ́ oníbátìrì, omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n gbà láti ara èéfín omi tó ń hó, ni wọ́n ń bù sí bátìrì, ẹ̀yìn ìgbà tó bá gba iná tán ni wọ́n sì ń bù ú. Ẹni tó bá bù ú kún kó tó gba iná, omi kíkan á ru jáde, á sì máa jẹ irin. Ibi tí wọ́n ti ń fún un ní iná gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn, kí iná má sì sí nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbaná.

Báwo ni mo ṣe lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìṣubú?

Bí ẹrù bá wà lórí fọ́ọ̀kì, ẹrù ló gbọ́dọ̀ máa kọjú sí òkè nígbà gbogbo: ẹ wà á síwájú bí ẹ bá ń gòkè, ẹ fi ẹ̀yìn rìn bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá sí ẹrù, ó di òdìkejì, fọ́ọ̀kì á kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe yí i lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rárá. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí fọ́ọ̀kì ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20.

Bí ó bá wá fẹ́ dojú dé ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe fò. Ẹni tó bá fò ni òrùlé ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì, ẹ di sítíárìn mú gírígírí, ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fara sí òdìkejì ibi tó ń ṣubú sí.

Mo fẹ́ wa tírélà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bíréèkì dára kí n tó kúrò ní gáréèjì?

Bíréèkì tírélà ń lo afẹ́fẹ́, nítorí náà gééjì afẹ́fẹ́ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé nǹkan bíi bar 8 (bar àti psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), ẹ wá pa á. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ dópin, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Fún orí àti ìdí tírélà lápapọ̀, kò yẹ kí ó sọ̀ ju psi 4 lọ, ìyẹn nǹkan bíi bar 0.3. Bó bá sọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ rìn yíká, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń sín. Ọṣẹ àti omi nínú ike máa fi ibẹ̀ hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa tẹ bíréèkì léraléra. Fìtílà tàbí fèrè ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ké kó tó sọ̀ kọjá nǹkan bíi bar 4. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ti já wáyà ìkìlọ̀ yìí nítorí pé ariwo rẹ̀ ń da awakọ̀ láàmú. Ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ fa omi kúrò nínú àgbá afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀rinrin púpọ̀. Omi inú rẹ̀ ń jẹ irin, ó ń ba fáàfù jẹ́, ó sì ń gba àyè tó yẹ fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú omi yẹn, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti ń jẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló dé tí bíréèkì tó dára láàárọ̀ fi ń kọ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?

Ooru ni. Bí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ lé bíréèkì títí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlù bíréèkì á gbóná, irin tó bá gbóná á fẹ̀, ìlù yóò sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ páàdì. Ẹsẹ̀ á wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ ti wọ jíà kékeré, jíà tí ẹ bá fi lè gun òkè yẹn ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú. Bí ẹ bá dé àárín kí ẹ tó rántí, ó lè má wọlé mọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, táńkà epo kan gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tó jóná lé ní 50. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ni pé bíréèkì ló kọ̀.

Ìwé òfin ojú pópó sọ pé kí tírélà àti táńkà má kọjá 60 km ní wákàtí kan lórí òpópónà márosẹ̀, 45 nínú ìlú.

Ṣé wíwa táńkà yàtọ̀ sí wíwa tírélà ni?

Ó yàtọ̀ gan-an. Omi inú rẹ̀ ń rìn. Táńkà tó kún dé ìdajì léwu ní kọ́nà ju èyí tó kún dáadáa lọ, torí pé epo á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì fa ọkọ̀ mọ́ra. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má ṣe dúró di inú kọ́nà. Ní ibi tí ẹ ti ń já epo, wáyà ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ so, òun náà ni kí ẹ tú kẹ́yìn, nítorí iná tó máa ń kó jọ lára irin nígbà tí epo bá ń sáré nínú páìpù.

Kí ló ń mú kọ̀ǹtẹ́nà já bọ́ lórí tírélà?

Twist-lock tí wọn kò yí ni. Mẹ́rin ni wọ́n, igun kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Wọ́n ń wọ inú ihò igun kọ̀ǹtẹ́nà, bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ á dábùú, kò ní lè jáde mọ́. Ní Ojúẹlẹ́gba, kọ̀ǹtẹ́nà já bọ́ láti ara tírélà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó pa ènìyàn 3. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, òmíràn wó lé ọkọ̀ akérò lórí níbẹ̀, ènìyàn 9 kú. Ẹ̀mí ènìyàn kò yẹ kó so mọ́ irin tí ọwọ́ kan lè yí ní ìṣẹ́jú àáyá 5.

Fúnra yín ni kí ẹ rìn yíká, kí ẹ fọwọ́ fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ọmọ ọkọ̀ gbọ́ pé òun ti ti i. Okùn tàbí wáyà tí wọ́n fi so igun kan kì í ṣe twist-lock. Bí ìkan bá bàjẹ́, ọkọ̀ yẹn kò tíì ṣeé gbé kọ̀ǹtẹ́nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá rin ibùsọ̀ díẹ̀, ní ibi ìdúró àkọ́kọ́, ẹ tún wò wọ́n.

Bákan náà ni orí ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ tán, ẹ wo àárín àwo irin orí ọkọ̀ àti abẹ́ ìdí tírélà: kò gbọdọ̀ sí àlàfo. Ẹ mú fìtílà, ẹ wo bí ẹnu irin ṣe di king pin, irin tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ìdí tírélà, mú lẹ́yìn. Ẹ wá fi jíà kékeré fà á síwájú díẹ̀ nígbà tí bíréèkì ìdí tírélà ṣì dì í mú. Bí kò bá já, ó so.

Táyà tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lópin. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ní Nàìjíríà, SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, ka táyà tó ti ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é sí èyí tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, bó tilẹ̀ ń dán bíi tuntun. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ọdún tí ẹ rà á. Ẹ wo nọ́ọ̀tì táyà pẹ̀lú: bí ilà ìpata bá ń ṣàn jáde lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan, ó ti tú. Lẹ́yìn pípààrọ̀ táyà, ẹ tún un fún lẹ́yìn 50 sí 100 km.

Iṣẹ́ tálì: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé nọ́ńbà kọ̀ǹtẹ́nà tí mo kọ kò ṣì?

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò. Lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7 ló máa ń wà lára kọ̀ǹtẹ́nà, nọ́ńbà ìkẹyìn sì jẹ́ ẹlẹ́rìí fún àwọn yòókù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: A jẹ́ 10, B jẹ́ 12, C jẹ́ 13, a ń fo 11, 22 àti 33, títí tí Z fi jẹ́ 38. Ẹ sọ èyí tó wà ní ipò kìn-ín-ní di ìlọ́po 1, ìkejì di ìlọ́po 2, ìkẹta 4, ìkẹrin 8, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa di ìlọ́po méjì lọ títí dé 512 fún ìkẹwàá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà ìkẹyìn.

Ẹ wo CSQU 305438 3. C jẹ́ 13, S jẹ́ 30, Q jẹ́ 28, U jẹ́ 32. 13 + 60 + 112 + 256 + 48 + 0 + 320 + 512 + 768 + 4,096 jẹ́ 6,185. 11 wọ inú rẹ̀ nígbà 562, ó ṣẹ́ 3. Ó bá a mu. Bí 10 bá ṣẹ́kù, 0 ni wọ́n máa kọ. Ẹ kọ ìṣirò yìí sórí fóònù yín ní spreadsheet lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹtẹ́nà tí ẹ bá fi 8 kọ 3 lè sùn sí èbúté fún ọ̀sẹ̀ kan, kí owó ìdúró sì máa gun orí ara wọn lórí olówó ẹrù tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ máa kọ ipò tí ó wà pẹ̀lú: ihò, ibi tó tẹ̀ wọnú, nọ́ńbà èdìdì ẹnu ọ̀nà. Ẹ wọ inú rẹ̀ tó bá ṣófo, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ẹnì kan dúró lóde; bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé láti òrùlé, òjò náà á wọlé.

Kí ni oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ń ṣe tó fi yẹ kí wọ́n sanwó fún un?

Ẹni tó ń tàn án tó ń pa á nìkan kò gbowó púpọ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé wákàtí ni wọ́n ń wá. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ agbára ọ́ìlì, ooru omi, fóltì, hertz, ampere ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí ara mítà àti ìwọ̀n dísẹ̀lì.

Lórí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá, hertz 50 jẹ́ yíyí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń sọ̀ sí 47 nígbà tí ẹrù iná bá wọlé, bóyá fílítà epo ti dí, bóyá ẹrù ti pọ̀ jù. kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára jẹnẹrétọ̀: èyí tó jẹ́ 100 kVA, fóltì 415, lè fúnni ní nǹkan bíi ampere 139 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá ń gbé 130 tí méjì yòókù ń gbé 40, ẹ sọ fún onímọ̀ iná kó pín ẹrù náà, torí pé ìlà kan yẹn ló máa jó.

Ẹrù kékeré náà ń ba ẹ̀rọ jẹ́. 100 kVA jẹ́ nǹkan bíi 80 kW; bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lábẹ́ 24 kW, epo kò ní jó tán, ẹ ó rí ohun dúdú tó ń ṣàn lẹ́nu páìpù èéfín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dísẹ̀lì ń gba ọ́ìlì tuntun ní wákàtí 250, ẹ tẹ̀ lé ìwé tirẹ̀. Kí ẹ tó pa á, ẹ yọ ẹrù kúrò, kó máa ṣiṣẹ́ lófìfo fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí turbo, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, lè tutù nígbà tí ọ́ìlì ṣì ń dé ibẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ wà lójú irin?

Ó wà, kò pọ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, 157 km, ni wọ́n ṣí ní gbangba ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Blue Line Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Red Line ní ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ awakọ̀. Ojú tí kò bá lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé kò ní kọjá àyẹ̀wò.

Bí ọ̀gá bá ní kí n gbé ọkọ̀ tí mo ti kọ pé ó bàjẹ́ ńkọ́?

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò: ọjọ́, aago, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tó bàjẹ́, àti orúkọ ẹni tí ẹ sọ fún. “Bíréèkì kò dára” kò tó. “Afẹ́fẹ́ sọ̀ láti bar 8 sí 7 ní ìṣẹ́jú 1, ó ń sín ní táyà ẹ̀yìn apá òsì” ni mẹkáníìkì lè lò. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé kí n gbé e báyìí.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í fọwọ́ sí i; mẹkáníìkì ni wọ́n á pè.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ilé iṣẹ́ ń san owó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Òfin ọdún 2010 lórí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Kí ẹ tó gun ẹ̀rọ ni kí ẹ béèrè.

Kí ni wọ́n máa dán mi wò lé lórí lọ́jọ́ ìgbanisíṣẹ́?

Wọ́n á fún yín ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo yín. Ẹni tó bá gun orí ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti pàdánù máàkì àkọ́kọ́. Ẹ béèrè fún ìwé àyẹ̀wò. Ẹ rìn yíká. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun kan sílẹ̀: nọ́ọ̀tì táyà tí kò fún, bẹ́líìtì tí kò há, òṣùwọ̀n ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ jáde bí ẹ bá rí i, kí ẹ sì kọ ọ́. Ẹ mú géèjì táyà, fìtílà kékeré, bíró méjì àti ìwé kékeré dání láti ilé.